Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dúró sí mi lórí, èyí tó bá sì dúró, mo máa ń ṣì í lò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Mofẹ́mọ̀

Mo kí gbogbo ilé o. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí mo ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tọkàntọkàn. Bí mo bá ń ka ìròyìn, ó máa ń yé mi. Ṣùgbọ́n tó bá ti di pé kí èmi fúnra mi sọ̀rọ̀, tàbí kí n kọ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ á di àwátì. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ogún ọ̀rọ̀ sí lójúmọ́, ìtumọ̀ Yorùbá níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ṣí i wò, àfi bíi pé ẹlòmíì ló kọ ọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé kó yá mi ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: "Please borrow me your laptop for one day." Ó yá mi, kò sì sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì ni ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé "lend me" ló yẹ kí n kọ. Mo délé, mo ṣí ìwé mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "borrow: yá". Ní ojú ewé kejì, "lend: yá". Bí mo ṣe rí i nínú ìwé atúmọ̀ èdè gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń kó ọ̀rọ̀ jọ tí kì í jò dànù, tí ẹ sì ń lò ó bó ṣe yẹ?

Olùkọ́Èdè

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ojú máa ń tini lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣìlò yẹn kì í ṣe ti ẹni tí kò kàwé. Ó ju ogún ọdún lọ tí mo fi kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ àṣìlò wa ti ń wá ni ibi tí Yorùbá ti ń lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí Gẹ̀ẹ́sì sì pín in sí méjì tàbí mẹ́ta.

Wo "yá" tìrẹ yẹn. Bí nǹkan bá kúrò lọ́wọ́ mi tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ, à á ní mo yá ọ. Bó bá ti ọwọ́ rẹ wá sọ́wọ́ mi, à á ní mo yá a lọ́wọ́ rẹ. "Lọ́wọ́" yẹn ló ń sọ fún wa ibi tí nǹkan ti wá. "Yá" fúnra rẹ̀ kò yí padà. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣe méjèèjì: ẹni tó ń fúnni ló ń "lend", ẹni tó ń gbà ló ń "borrow". Ìdí nìyẹn tí "lend" fi ń bá "to" rìn, tí "borrow" ń bá "from" rìn.

"Kọ́" náà bẹ́ẹ̀. Bàbá kọ́ ọmọ, ọmọ kọ́ iṣẹ́. Bàbá ló "teach", ọmọ ló "learn". Ẹni tó bá sọ pé "my father learned me to swim", Yorùbá ló ṣì ń sọ, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn wọ̀ fún un.

"Rí" ńkọ́? Mo wá kọ́kọ́rọ́ mi, mi ò rí i. Púpọ̀ nínú wa á ní "I looked for my key but I didn't see it". Ohun tí ojú wa kàn là ń "see". Ohun tá a wá, tó sì wá bọ́ sí wa lọ́wọ́, òun là ń "find". "I didn't find it" ló yẹ níbẹ̀.

"Gbọ́" ló wá gbòòrò jù. A ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn, a ń gbọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí mẹ́ta: "hear", "smell", "understand". Mo ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́nu wò fún iṣẹ́, tó ní "I hear English very well". Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bi í léèrè wo ara wọn lójú, torí ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé etí rẹ̀ kò dí. Ó dùn mí fún un.

"Láti" tún wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ ni "since morning". Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta kì í ṣe "since three years". "For three years" ni. Bó o bá ń dárúkọ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, "since" ni, bíi "since 2019". Bó o bá ń ka iye ìgbà tó ti gbà, "for" ni. Ti "sọ" náà ò le: ọ̀rọ̀ la máa ń "say", èèyàn la máa ń "tell". "He said me" kò sí. "He told me" ni.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe sí ìwé rẹ. Fa ìlà sí ojú ewé tí "borrow" wà àti èyí tí "lend" wà, kó o pa wọ́n rẹ́. Ṣí ojú ewé tuntun kan. Kọ "yá" gàdàgbà sí àárín. Fa ọfà kan tó ń jáde lára rẹ̀ lápá ọ̀tún, fa òmíràn tó ń wọlé lápá òsì. Lábẹ́ èyí tó ń jáde, kọ "I lent my pen to her." Lábẹ́ èyí tó ń wọlé, kọ "She borrowed my pen from me." Pẹ́ńnì kan náà ni, àwọn èèyàn méjì kan náà ni, ẹgbẹ́ tá a ti ń wò ó ló yí padà. Ojú ewé kan fún ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, kì í ṣe ìlà kan fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Má sì kọ ọ̀rọ̀ kankan láìkọ gbólóhùn tí ìwọ fúnra rẹ lè fẹnu sọ lọ́la.

Ogún lójúmọ́ ti pọ̀ jù. Márùn-ún tó.

Atúmọ̀

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ni mo fara mọ́. Mo kàn fẹ́ fi òdìkejì rẹ̀ kún un. Ibì kan wà tó jẹ́ pé àwa la pín nǹkan, tí Gẹ̀ẹ́sì kó o pọ̀. À ń wọ bàtà, à ń dé fìlà, à ń fi òrùka sọ́wọ́, à ń fi awò sójú. "Wear" ni gbogbo rẹ̀ pátá. À ń ru ẹrù, à ń pọn ọmọ, à ń gbé àpótí, à ń kó ìwé. "Carry" kan ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá pàdé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí bẹ́ ẹ bá ti mọ ọ̀kan, ẹ ti rí mẹ́rin gbà.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó gbàgbé Yorùbá tó bá fẹ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì. Rárá o. Ọ̀nà pọ̀ tí èdè wa ti là fún wa tẹ́lẹ̀. "Look" àti "see": mo wò ó, mi ò rí i. Ọmọ kékeré tó ń sọ Yorùbá mọ̀ pé wíwò yàtọ̀ sí rírí. "Listen" àti "hear": mo tẹ́tí sí i, mi ò gbọ́ nǹkan kan. "Bring" àti "take": mú un wá, mú un lọ. "Remember" àti "remind": mo rántí, ẹ rán mi létí. Ẹni tó bá kọ "please remember me about the meeting", ẹ ní kó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́. "Rán mi létí" ni yóò sọ, kò ní sọ "rántí mi", ojú rẹ̀ á sì là. Mofẹ́mọ̀, ẹ kọ irú àwọn wọ̀nyí náà sínú ìwé yín, kó má jẹ́ pé kìkì ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ lẹ ó máa rí níbẹ̀.

Ibi tí Yorùbá kò ti lè ràn wá lọ́wọ́ rárá ni "ó". Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ajá ni o, tábìlì ni o, "ó" ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ "my mother said he is coming" lẹ́nu ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Kì í ṣe pé kò mọ "she". Ẹnu rẹ̀ ni kò tíì mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mo máa ń fi odidi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ìtàn obìnrin kan ṣoṣo sókè, kò sí ọkùnrin nínú ìtàn náà, títí "she" yóò fi máa jáde fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kejì, ìtàn ọkùnrin. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ orí la fi ń pè wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ń fi akọ àti abo pè wọ́n. "My senior brother" tí a máa ń sọ, "my elder brother" tàbí "my older brother" ni wọ́n ń sọ ọ́.

Gẹ̀ẹ́sìNìkan

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó ti sọ̀rọ̀, ọ̀nà tèmi yàtọ̀. Ọjọ́ tí mo pa ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tì ni Gẹ̀ẹ́sì mi bẹ̀rẹ̀ sí í já gaara. Ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kẹ́ ẹ wá, èyí tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ líle ṣàlàyé ọ̀rọ̀ líle níbẹ̀. Ó ní àwọn tí kò lò ju nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ lọ láti fi ṣàlàyé gbogbo ìyókù. Wọ́n á fún yín ní gbólóhùn àpẹẹrẹ, wọ́n á sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣeé kà ní oókan èjì, wọ́n á sọ ohun tó ń bá a rìn.

Atúmọ̀

A ò jìnnà síra. Ẹni tó ti mọ 2,000 ọ̀rọ̀ yẹn, ìwé náà dára fún un gan-an ni. Ẹni tí kò tíì mọ̀ wọ́n, kí ló máa fi ka àlàyé? Kó fi Yorùbá dé ibẹ̀ ná. Èmi ṣì ń ṣí méjèèjì lójoojúmọ́, iṣẹ́ ìtumọ̀ sì ni mo fi ń jẹun.

Akàwé

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kọ́, torí ibẹ̀ ni èmi ti fi ọdún kan ṣòfò. Mo ń mú ọ̀rọ̀ láti A, mò ń lọ sí B. Mo mọ "abdicate" kí n tó mọ "although"! Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dọ́gba. Ní 1953, Michael West tẹ àkójọ kan jáde tó ní nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ tó wúlò jù fún akẹ́kọ̀ọ́, àti gbogbo ọmọ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí. Nínú 100 ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá kà nínú ìwé èyíkéyìí, nǹkan bí 80 á wá láti inú àkójọ yẹn. Ní 2000, Averil Coxhead ṣe òmíràn fún àwọn tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga: agbo ọ̀rọ̀ 570 (agbo kan ni ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tó bí), irú bí "analyse", "require", "significant", tí kò sí nínú ti West. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, àwọn 570 yẹn ń kó nǹkan bí 10 nínú 100 sí i. Àwọn àkójọ méjèèjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ mú ojú ewé kan, ẹ fi ìka tọ ọ́ lọ, ẹ máàkì èyí tẹ́ ò bá lè lò nínú gbólóhùn. Kì í ṣe èyí tẹ́ ò mọ̀ o, èyí tẹ́ ò lè lò. Ó ya èmi lẹ́nu bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. "Although", "unless", "instead", "rather", "however": mo mọ gbogbo wọn lójú, kò sí ọ̀kan tó ń jáde lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa kàwé tó rọrùn. Bí ọ̀rọ̀ márùn-ún bá ti ru yín lójú nínú ìlà mẹ́wàá, ìwé yẹn ti le jù fún báyìí. Ẹ mú èyí tó kéré sí i. Orí kan náà tẹ́ ẹ bá kà lẹ́ẹ̀mejì sàn ju orí méjì tẹ́ ẹ bá kà gààrà lọ.

Mofẹ́mọ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fa ìlà sí ojú ewé yẹn, mo sì ti ya ọfà méjèèjì. Ó yé mi báyìí bí kò ṣe yé mi rí. Ìbéèrè kan ló kù: ìgbàgbé ńkọ́? Bí mo tiẹ̀ kọ márùn-ún péré, kí ni mo ní láti ṣe tí wọn ò fi ní lọ?

Alápótí

Èyí gan-an ni mo ń dúró dè. Ní 1885, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde lórí bí èèyàn ṣe ń gbàgbé nǹkan. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Ó ń há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kúrò lórí rẹ̀. Ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìyókù á wá máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ó tún rí i pé kéèyàn pín àtúnyẹ̀wò sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàn ju kó ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìwé yín ṣe ń dà bíi ti ẹlòmíì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí orí gbogbo èèyàn ṣe rí nìyẹn. Ẹ má bínú sí ara yín.

Ní 1972, Sebastian Leitner ṣàlàyé ọ̀nà àpótí kan tí èmi ń lò títí dòní. Páálí bàtà ni tèmi. Mo fi páálí pín in sí yàrá márùn-ún. Mo gé bébà líle sí káàdì. Iwájú káàdì kan tó wà lọ́wọ́ mi báyìí nìyí: "She asked me to ____ her of the date." Ẹ̀yìn rẹ̀: "remind, rán létí". Káàdì tuntun á wọ yàrá kìíní, ojoojúmọ́ ni mo ń yẹ yàrá náà wò. Èyí tí mo bá dáhùn dáadáa á bọ́ sí yàrá kejì, tí mo ń wò ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Yàrá kẹta jẹ́ ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀kẹrin ti ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹ̀karùn-ún ti oṣooṣù. Ibi tí agbára àpótí náà wà ni pé káàdì tí mo bá ṣì, ibi yòówù kó ti dé, yàrá kìíní ló ń padà sí. Kò sí àánú níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó ń yọ́ lọ ṣe ń padà wá bá mi lójoojúmọ́ nìyẹn, tí èyí tó ti jókòó dáadáa kì í sì í fi àkókò mi ṣòfò.

Ohun mẹ́ta péré lórí káàdì: gbólóhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán, kẹ́ ẹ sọ ìdáhùn sókè kẹ́ ẹ tó yí i padà, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ẹni tí fóònù bá rọ̀ lọ́rùn, áàpù Anki ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má lo káàdì tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀. Mo ti dán an wò, kì í lẹ̀.

EtíDídì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alápótí, màá ṣe tèmi lónìí. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ohùn kún un, torí àṣìkọ mìíràn wà tó jẹ́ pé etí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Yorùbá kò ní ìró z, kò sì ní v. "Lose" parí sí z lẹ́nu ẹni tó ni èdè, "loose" parí sí s. Lẹ́nu wa, ọ̀kan náà ni. Bó bá wá di kíkọ, à á kọ "I don't want to loose my job". "Lose" ni sísọ nǹkan nù; "loose" ni ohun tó dẹ̀, tí kò fún. "Price" àti "prize" náà bẹ́ẹ̀. "Van" àti "fan" náà bẹ́ẹ̀.

"I" kan ṣoṣo la ní, Gẹ̀ẹ́sì ní kúkúrú, ó ní gígùn. Ibẹ̀ ni "live" àti "leave" ti ń gba ipò ara wọn. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ "live the house" lóṣù tó ń bọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ máa gbé ibẹ̀ ni, àṣé ó ń kó jáde! Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ máa wo àmì (ː) tó dà bíi tó-tò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáwẹ̀lì. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ fa fáwẹ̀lì náà gùn. Bí kò bá sí, ẹ má fà á.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ní ibi tó ti dùn mọ́ wa. Àwa tí a mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, tí a mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà, etí wa ti mú tẹ́lẹ̀. "Record" tó jẹ́ orúkọ, iwájú ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. "Record" tó jẹ́ ìṣe, ẹ̀yìn ni. "Present" náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ohùn Yorùbá, kò ní pẹ́ mọ́ yín lára. Wọ́n kàn kì í kọ àmì sí i lórí bí a ṣe ń ṣe ni.

ÈdèÀyálò

Ṣókí ni tèmi. Ẹ ṣọ́ra fún Gẹ̀ẹ́sì tó ti di Yorùbá, torí ó ti gba ìtumọ̀ tuntun lọ́wọ́ wa. Ohun tí à ń pè ní rọ́bà, "plastic" ni wọ́n ń pè é. "Rubber" jẹ́ nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ wọn, kódà ní Amẹ́ríkà ó ní ìtumọ̀ kan tí kò yẹ kẹ́ ẹ sọ níbi iṣẹ́. Mọ́tò tí à ń wọ̀, "car" ni. "Motor" sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan. Tọ́ọ̀ṣì, "torch" ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n "flashlight" ni lẹ́nu ará Amẹ́ríkà; ògùṣọ̀ oníná ni "torch" lọ́dọ̀ tiwọn. Bírò náà, ará Amẹ́ríkà lè má mọ̀ ọ́n rárá. Orúkọ László Bíró, ará Hungary tó ṣe irú gègé yẹn jáde, ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ sọ pé "pen", kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́.

Olóòtú

Mo máa ń tún ìwé àwọn èèyàn ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo ń pa rẹ́ jù lọ nìyí: "informations", "advices", "equipments", "furnitures", "luggages". Ọ̀rọ̀ orúkọ wa kì í yí padà bó bá di púpọ̀, "àwọn" la máa ń fi síwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ wa pé "s" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi ṣe púpọ̀, a fi sí gbogbo rẹ̀ lára. Àwọn márùn-ún yìí kì í gba "s" láéláé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kà wọ́n, "a piece of" ni kẹ́ ẹ wá: "a piece of advice", "two pieces of luggage".

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kéékèèké tá à ń lẹ̀ mọ́ ìṣe. "Discuss about" kò sí, "discuss" tó. "Emphasise on" kò sí. "Request" tó bá jẹ́ ìṣe kò gba "for", ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orúkọ ó gbà á: "I requested a form", "my request for a form". Ní òdìkejì, "reply me" àti "explain me" kò pé. "Reply to me", "explain it to me" ni.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rẹ́ tó ń bá rìn, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Àwa náà ń sọ pé oorun àsùnwọra, kò sẹ́ni tó ń sọ pé oorun ńlá. Lọ́dọ̀ wọn, "deep sleep" ni. Òjò ńlá, "heavy rain" ni, kì í ṣe "big rain". Afẹ́fẹ́ líle, "strong wind". "Ṣe" wa wá di méjì: "make a mistake", "make a decision", "make progress", "do your homework", "do research", "do your best". Èmi kò tíì rí òfin kan tó kó gbogbo wọn. Ẹ há wọn sórí ní méjì méjì, bí ẹni há orúkọ tọkọtaya.

Ìpìlẹ̀Ọ̀rọ̀

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀. Láti inú "kọ́", a ní ẹ̀kọ́, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Ṣeé" wa ni "-able" wọn: ó ṣeé kà, "readable", ó ṣeé fọ̀, "washable", ó ṣeé gbé kiri, "portable". "Àì-" wa ni "un-" àti "in-" wọn: àìdọ́gba, "unequal", àìpé, "incomplete". Ọjọ́ tí mo rí èyí ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní mẹ́ta.

Ìdẹkùn méjì péré ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. "Invaluable" kì í ṣe ohun tí kò níye lórí. Ohun tó níyelórí débi tí a kò lè díye lé e ni. "Inflammable" kì í ṣe ohun tí kò lè gbiná. Ó ń gbiná o, kíákíá sì ni! Ìtumọ̀ kan náà lòun àti "flammable" ní. Ẹ kọ ìyẹn sórí káàdì lónìí, torí èèyàn lè fara pa.

Akàwé

Mo gbàgbé ohun kan. Àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ní 1066, àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun England, èdè wọn sì di èdè ààfin fún ìgbà pípẹ́. Ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní méjì méjì: "begin" àti "commence", "buy" àti "purchase", "ask" àti "inquire". Èyí ìṣáájú jẹ́ ti ilé, èyí ìkejì jẹ́ ti ìwé àṣẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá èyí tó gùn jù yóò sọ pé "the child commenced crying", kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ ti ilé ná.

Mofẹ́mọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ forí jì mí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dákẹ́. Mo ń ṣiṣẹ́ lórí àpótí mi ni. Káàdì méjìlélọ́gọ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí, mẹ́rìnlá ti dé yàrá kẹta. Lánàá, mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, ó sì dá mi lóhùn pé ó yé òun kedere. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo márùn-ún tí mo kọ fúnra mi láàárọ̀ yìí:

I borrowed a pen from her and lent it to my brother.

I have worked here for three years.

She taught me, and I learned quickly.

I looked for my key, but I did not find it.

Thank you all for your kind advices.

Olùkọ́Èdè

Àbúrò mi, inú mi dùn débi pé mo ka mẹ́rin àkọ́kọ́ sókè fún ìyàwó mi. Wo ìkarùn-ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o sì wo ohun tí Olóòtú kọ.

Mofẹ́mọ̀

"Thank you all for your kind advice." Ó ti padà sí yàrá kìíní.